Ẹ bi wá: Ṣé igi kan náà ni obì àbàtà àti gbànja?

Obì ni ọ̀pọ̀ lẹ́tà tó wọlé lóṣù yìí dá lé lórí, nítorí náà a kó wọn jọ sójú kan. Níbi tí ìbéèrè méjì bá ti jọra, ọ̀kan la tẹ̀ jáde.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ń jiyàn lórí obì. Ó ní igi kan náà ni àbàtà àti gbànja, pé ilẹ̀ tí wọ́n gbìn ín sí ló ń sọ ọ̀kan di aláwẹ́ méjì tó sì ń sọ èkejì di aláwẹ́ mẹ́rin. Èmi ò gbà. Ẹ bá wa dá a. *(Láti Ìkẹ́nnẹ́)*

Ìdáhùn: Ẹ̀yin lẹ jàre. Ilẹ̀ lè mú kí obì tóbi tàbí kó kéré, ó lè mú kí igi so púpọ̀ tàbí kó so díẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè fi awẹ́ kún awẹ́. Ẹ gbin méjèèjì sórí ilẹ̀ kan náà, ẹ bu ajílẹ̀ kan náà sí wọn nídìí. Nígbà tí wọ́n bá so, gbànja yóò máa là sí méjì, àbàtà yóò máa là sí mẹ́ta, mẹ́rin, márùn-ún, nígbà mìíràn mẹ́fà.

Bí àwọn onímọ̀ ewéko ṣe pín wọn nìyí. Ẹbí kan náà ni wọ́n, ẹbí Malvaceae. Ẹbí yìí gbòòrò, ojoojúmọ́ la sì ń jẹ nínú rẹ̀ láìfura: ilá, ìsápá àti kòkó wà níbẹ̀, òwú, àràbà àti igi oṣè náà wà níbẹ̀. Bí ẹ bá rí ìwé àtijọ́ tó pe ẹbí obì ní Sterculiaceae, kò ṣì yín lọ́nà. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń pè é tẹ́lẹ̀, kí àwọn onímọ̀ tó da ẹbí yẹn pọ̀ mọ́ ti ilá àti òwú. Nínú ẹbí ńlá yìí ni ìdílé tí wọ́n ń pè ní Cola wà. Ẹ̀yà inú rẹ̀ lé ní ọgọ́rùn-ún, ilẹ̀ olóoru Áfíríkà sì ni orírun gbogbo wọn. Obì àbàtà ni Cola acuminata, gbànja ni Cola nitida. Ìdílé kan ni, ẹ̀yà méjì ni, gẹ́gẹ́ bí ẹṣin àti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ṣe jọ ń jẹ koríko kan náà tí wọn kì í sì í ṣe ọmọ ìyá.

Ará Faransé kan, Palisot de Beauvois, tó dé agbègbè Warri àti Benin ní 1786, ló fún àbàtà ní orúkọ tí àwọn onímọ̀ ewéko ń lò. Ará Faransé mìíràn, Ventenat, ló sọ gbànja lórúkọ tirẹ̀. Inú ìdílé Sterculia ni àwọn méjèèjì kọ́kọ́ fi wọ́n sí. Ní 1832 ni Schott àti Endlicher yọ wọ́n kúrò níbẹ̀, tí wọ́n dá ìdílé Cola sílẹ̀ fún wọn. Láti ìgbà yẹn ni wọ́n ti jẹ́ ẹ̀yà méjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, a kò sì rí ìdí kankan tó fi yẹ kí a tún pa wọ́n pọ̀.

Awẹ́ yìí gan-an ló yẹ kí á dúró lé díẹ̀. Oúnjẹ ni awẹ́ jẹ́, èyí tí igi ìyá dì sílẹ̀ fún ọmọ inú obì kó lè rí nǹkan jẹ kí ewé rẹ̀ tó jáde. Awẹ́ méjì ni ọ̀pọ̀ jù lọ nínú irú ewéko báyìí máa ń ní. Ẹ bó ẹ̀wà tàbí ẹ̀pà wò, méjì ni ẹ óò bá. Gbànja dúró sórí ìlànà yìí. Àbàtà ló yà kúrò níbẹ̀, ìyẹn ló sì mú kó yẹ fún dídà. Obì olójú mẹ́rin, akọ méjì, abo méjì, kò lè ti ara gbànja jáde. Ẹni tó bá la gbànja sí mẹ́rin pẹ̀lú ọ̀bẹ, awẹ́ méjì náà ló ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Nígbà tí ẹ bá fẹ́ mọ irú igi tó wà lóko yín, ẹ má fi ọmọ obì kan ṣoṣo ṣe ìdájọ́. Ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan, gbànja lè mú aláwẹ́ mẹ́ta jáde, àbàtà náà sì lè mú aláwẹ́ méjì jáde. Ẹ mú ọmọ obì mẹ́wàá láti orí igi kan náà, ẹ bó awọ funfun ara wọn, ẹ wo orí wọn níbi tí ìlà ìpín ti pàdé, ẹ kà á. Bí mẹ́sàn-án tàbí mẹ́wàá bá jẹ́ aláwẹ́ méjì, gbànja ni. Bí iye awẹ́ bá ń yàtọ̀ láti orí ọmọ kan sí èkejì, àbàtà ni. Ẹ má wo àwọ̀ rárá. Gbànja ní ifin, ìyẹn funfun, ó ní ipa, ìyẹn pupa, ó sì ní èyí tí àwọ̀ rẹ̀ wà láàárín méjèèjì. Àbàtà náà ní ipa, ó sì ní ifin.

Ìbéèrè: Mo ra oko kan tí igi obì bíi ogún wà nínú rẹ̀. Kò tíì sí èso lórí wọn. Ṣé a lè dá wọn mọ̀ láìdúró de ìgbà tí wọ́n bá so? *(Láti Òde-Rẹ́mọ)*

Ìdáhùn: A lè dá wọn mọ̀ bí wọ́n bá ti dàgbà díẹ̀. Ẹ dúró lókèèrè kọ́kọ́. Ewé gbànja kún orí rẹ̀ dáadáa, ó bo ẹ̀ka láti inú dé ìta, òjìji ìdí rẹ̀ sì ṣókùnkùn. Àbàtà fúyẹ́ jù ú lọ. Ẹ̀ka rẹ̀ tín-ín-rín, ó máa ń lọ́, ewé rẹ̀ sì máa ń ṣùjọ sí ìparí ẹ̀ka, tó fi jẹ́ pé ẹ máa ń rí ojú ọ̀run láàárín rẹ̀. Ní ti gíga, gbànja a máa ga tó mítà mẹ́sàn-án sí méjìlá nínú oko, ó sì lè ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa nínú igbó. Gíga nìkan kò tó láti fi ya wọ́n sọ́tọ̀.

Ẹ wá súnmọ́ ọn, kí ẹ já ewé. Ewé gbànja fẹ̀, ó ń dán, ṣóńṣó orí rẹ̀ kúrú. Ewé àbàtà tẹ́ẹ́rẹ́ díẹ̀, orí rẹ̀ sì máa ń gùn ṣóńṣó, ó sì sábà máa ń tẹ̀. Ewé tó dàgbà ni kí ẹ lò, kì í ṣe ọ̀jẹ̀lẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ, kí ẹ sì já a láti ẹ̀ka mẹ́ta ó kéré tán, nítorí ewé inú òjìji máa ń tóbi ju ti inú oòrùn lọ lórí igi kan náà.

Nígbà tí èso bá yọ, gbogbo iyèméjì parí. Èso gbànja kúrú, ó sanra, ó gùn tó sẹ̀ǹtímítà mẹ́tàlá. Àwọ̀ ewé ló ní, ó ń dán, ṣùgbọ́n bí ẹ bá fọwọ́ pa á, ẹ óò rí i pé ó ní kókó kókó lára. Ọmọ mẹ́rin sí mẹ́jọ ló sábà máa ń wà nínú ọ̀kan. Èso àbàtà gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó lè tó ogún sẹ̀ǹtímítà. Ó nà tààrà, orí rẹ̀ mú, ara rẹ̀ ń ha ọwọ́, tó bá sì gbó, ó máa ń pọ́n bí ìpẹtà. Ọmọ inú rẹ̀ lè tó mẹ́rìnlá.

Ní ti ọmọ igi tó wà nínú ọ̀rá, ẹ má gba ọ̀rọ̀ ẹnu olùtajà nìkan. Awẹ́ obì kì í jáde sókè di ewé bí ti ẹ̀wà. Inú ilẹ̀ ló ń wà, ibẹ̀ ló sì ti ń bọ́ ọmọ igi fún ìgbà pípẹ́. Ẹ rọra fi ìka wa iyẹ̀pẹ̀ tó wà nídìí ọmọ igi náà, ẹ óò bá obì tí wọ́n gbìn, tí ó ṣì so mọ́ ọn. Ẹ ka awẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì da iyẹ̀pẹ̀ padà. Bí olùtajà kò bá gbà kí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ lórí ọ̀kan péré nínú ọgọ́rùn-ún, ẹ wá ẹlòmíràn.

Ìbéèrè: Olùkọ́ wa ní ilé ẹ̀kọ́ sọ pé gbànja kì í ṣe igi ilẹ̀ Yorùbá. Báwo ló ṣe wá jẹ́ pé òun ló pọ̀ jù lóko wa? *(Láti Abẹ́òkúta)*

Ìdáhùn: Òótọ́ ni olùkọ́ yín sọ. Igbó apá ìwọ̀-oòrùn ni gbànja ti wá: Gíní, Sierra Leone, Làìbéríà, Côte d'Ivoire, títí dé Gáná. Igbó apá ọ̀dọ̀ wa ni ti àbàtà, láti Nàìjíríà lọ sí Kamẹrúùnù, Gabon àti Congo, títí dé Àngólà. Ẹ óò rí i ní Benin àti Togo pẹ̀lú. Ẹ wo àwòrán ilẹ̀ náà dáadáa. Igbó kìjikìji etí òkun Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà kò so pọ̀ tán. Láti ẹ̀bá Accra dé apá gúúsù Benin, ọ̀dàn ló sọ̀ kalẹ̀ wá kan òkun, ó sì pín igbó náà sí méjì. Òjò ibẹ̀ kéré ju ti ìwọ̀-oòrùn àti ti ìlà-oòrùn rẹ̀ lọ, bẹ́ẹ̀ igi tó fẹ́ràn ọ̀rinrin bí obì, tí irúgbìn rẹ̀ ń kú tó bá gbẹ, kò lè fúnra rẹ̀ la irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ kọjá pẹ̀lú ìrọ̀rùn. Gbànja wà lápá kan, àbàtà wà lápá kejì.

Ènìyàn ló gbé gbànja kọjá. Àwọn ará òkè ọya àti àwọn ará etí aṣálẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀ nítorí kafíìnì inú rẹ̀, tó ń lé oorun tó sì ń dá ebi dúró, àti nítorí pé ọtí kò tọ́ sí Mùsùlùmí ṣùgbọ́n obì kò ní èèwọ̀. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn oníṣòwò Haúsá máa ń lọ ra á lọ́dọ̀ àwọn Asante, ọjà Salaga ní ilẹ̀ Gonja, lápá àríwá Gáná òde òní, sì lókìkí gidigidi lórí òwò yìí. Nígbà tó yá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọkọ̀ ojú omi kó o láti Accra wá sí Èkó, kí wọ́n tó gbé e lọ sókè. Àwọn àgbẹ̀ wa rí i pé ohun tí wọ́n ń fi owó gọbọi rà lókèèrè lè hù nínú igbó tiwa. Wọ́n gbìn ín ní Agége, ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá, ní Ìjẹ̀bú-Rẹ́mọ. Ọkọ̀ ojú irin tó ti Èkó dé Kano ní nǹkan bí 1912 ló wá ṣí ọ̀nà gbòòrò fún un. Títí di òní, Ṣágámù jẹ́ ibi tí àwọn Haúsá ti ń wá di obì sínú agbọ̀n.

Àbàtà kò bá wọn rin ìrìn-àjò yẹn. Àwọn Haúsá mọ̀ ọ́n, hannun ruwa ni wọ́n ń pè é, ṣùgbọ́n goro ni wọ́n ń wá, ìyẹn gbànja. Àbàtà máa ń yọ̀ lẹ́nu nígbà tí a bá ń jẹ ẹ́, awẹ́ rẹ̀ tó pọ̀ sì máa ń tètè ya sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ nínú ẹrù. Nítorí náà ilé ló jókòó sí, níbi tí wọ́n ti ń fi í wúre, tí wọ́n ń fi í sọmọ lórúkọ, tí wọ́n ń fi í bọ òrìṣà. Àwọn Ígbò náà ya méjèèjì sọ́tọ̀ pátápátá. Ọjị Igbo, tó jẹ́ àbàtà, ni wọ́n ń là níwájú àlejò tí wọ́n sì ń ka awẹ́ rẹ̀. Gworo ni wọ́n ń pe gbànja. Ó dùn mọ́ wa nínú pé ẹnu àwọn àgbà wa àti ti àwọn aládùúgbò wa bá ìpínyà tí àwọn onímọ̀ ewéko ṣe mu láìṣẹ́kù, wọ́n sì ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ kí Palisot tó gúnlẹ̀.

Ìbéèrè: Mo ń gbé ní London. Obì tí mo rà ní ṣọ́ọ̀bù ní àkọlé "Cola acuminata" lára ọ̀rá rẹ̀, ṣùgbọ́n awẹ́ méjì ni gbogbo rẹ̀ ní. Ṣé wọ́n tàn mí ni?

Ìdáhùn: Gbànja ni ẹ rà. Ó ṣeé ṣe kó má jẹ́ ẹ̀tàn. Fún ìgbà pípẹ́ ni àwọn oníṣòwò òkè òkun àti àwọn apòògùn ti ń fi orúkọ Cola acuminata pe gbogbo obì tó bá ti Áfíríkà wá, àṣà náà kò sì tíì tán. Bí ẹ bá fẹ́ ẹ fún jíjẹ, kò sí wàhálà. Bí ẹ bá fẹ́ ẹ fún dídà, ẹ má fi àkọlé rà á. Ẹ ní kí wọ́n jẹ́ kí ẹ rí orí rẹ̀.

Ní Brazil, àwọn ọmọ Yorùbá ibẹ̀ ṣì di ìyàtọ̀ náà mú. Àwọn ẹlẹ́sìn Candomblé ní Bahia ń pe aláwẹ́ mẹ́rin ní obi abatá, wọ́n ń pe aláwẹ́ méjì ní obi banjá, igi obì sì ti ń hù lọ́dọ̀ wọn níbẹ̀. Ní Cuba, obì wọ́n, nítorí náà àgbọn ló gba ipò rẹ̀ nínú dídà. Wọ́n ń fọ́ ọ sí mẹ́rin, orúkọ tí wọ́n sì ń pè é náà ni obi.

Ìbéèrè: Ilẹ̀ bàbá mi wà lẹ́bàá Ṣakí. Èwo nínú méjèèjì ló lè hù níbẹ̀? *(Olùkàwé yín, Ìbàdàn)*

Ìdáhùn: A kò ní gbà yín níyànjú pé kí ẹ fi oko ńlá ṣe obì níbẹ̀. Igi igbó kìjikìji ni méjèèjì. Wọ́n fẹ́ òjò tó tó 1,200 sí 1,800 mílímítà lọ́dún, tó sì pín káàkiri oṣù dáadáa, wọ́n fẹ́ ooru tí kì í já wálẹ̀ púpọ̀, wọ́n sì fẹ́ ilẹ̀ tó jinlẹ̀ tí omi kì í dúró sí. Ilẹ̀ tí kò ga ju 300 mítà lọ sórí ìpele òkun ló tẹ́ wọn lọ́rùn jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé gbànja lè ṣe dáadáa lórí ilẹ̀ tó ga jù bẹ́ẹ̀ bí ilẹ̀ náà bá jinlẹ̀.

Ọyẹ́ ni yóò yọ yín lẹ́nu jù ní Ṣakí. Ọmọ igi tí kò tíì pé ọdún méjì máa ń rọ láti orí wá sí ìdí nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, iná ìgbẹ́ sì máa ń parí èyí tó kù. Tí ó bá jẹ́ pé ẹ ní etí odò, níbi tí omi wà lábẹ́ ilẹ̀ ní oṣù kejì àti ìkẹta, ẹ lè gbin gbànja díẹ̀. Òun ló lè fara da bèbè ọ̀dàn bí ilẹ̀ bá ní ọ̀rinrin. Àbàtà nílò ibòji àti ọ̀rinrin jù ú lọ. Ẹ má gbé e lọ síbẹ̀.

Ìbéèrè: Igi gbànja mi máa ń tanná yẹ̀bẹ̀yẹ̀bẹ̀ lọ́dọọdún, ṣùgbọ́n bóyá èso márùn-ún ni mò ń rí. Àwọn kan ní kí n gé e. Ẹ gbà mí. *(Láti Ìjẹ̀bú-Igbó)*

Ìdáhùn: Ẹ má tíì gé e. Ẹ kọ́kọ́ wo òdòdó rẹ̀. Òdòdó obì kò ní ewé òdòdó inú tí a máa ń rí lára ilá tàbí òwú. Èèpo òdòdó rẹ̀ ló là sí márùn-ún tó sì dà bí òdòdó fúnra rẹ̀, funfun ràkọ̀ràkọ̀, tí ìlà pupa dúdú wà nínú rẹ̀ níbi ìdí. Irú òdòdó méjì ló wà lórí igi kan. Akọ kéré, òun ló sì pọ̀ jù. Èkejì tóbi, ó ní ilé ọmọ tó pín sí márùn-ún láàárín rẹ̀, òun nìkan ló lè di èso. Ìpín márùn-ún yẹn ni ìdí tí èso obì fi ń so ní ìdì, tí ìdì kan sì lè ní èso márùn-ún. Igi tó kún fún òdòdó lè jẹ́ pé akọ ló kún un.

Èkejì, ọ̀pọ̀ igi gbànja kì í gba lẹ́búlẹ́bú ara rẹ̀, ìyẹn ìyẹ̀fun inú òdòdó akọ. Lẹ́búlẹ́bú láti orí igi mìíràn ló ń fẹ́, kòkòrò ló sì ń gbé e wá. Igi méjì míì tún wà tí wọn kì í bára wọn mu rárá. Ìdí rèé tí igi tó dá wà lẹ́yìn ilé fi lè gbó kó má so, tí oko gbànja fi ń ní igi díẹ̀ tó ń bọ́ gbogbo àwọn yòókù.

Ohun tí a ó ṣe ni pé kí a gbin gbànja mẹ́ta tàbí mẹ́rin sí àyíká rẹ̀, kí irúgbìn wọn ti orí igi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ tó ń so dáadáa wá. Bí ẹ bá lè rí ọmọ igi tí wọ́n lẹ ẹ̀ka igi eléso mọ́, ó sàn jù, nítorí irú bẹ́ẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí í so ní ọdún kẹta tàbí ìkẹrin, nígbà tí èyí tó ti inú obì hù máa ń tó ọdún méje. Ẹ lọ béèrè ní ilé ìwádìí kòkó, CRIN, ní Ìdí-Ayùnrẹ́ nítòsí Ìbàdàn. Láti 1964 ni wọ́n ti dá a sílẹ̀, obì sì wà nínú iṣẹ́ wọn. Ẹ má fín oògùn kòkòrò lásìkò tí igi bá ń tanná, nítorí àwọn tó ń gbé lẹ́búlẹ́bú ni ẹ óò pa. Kí ẹ sì gbójú sókè wo àfòmọ́. Obì ni àfòmọ́ fẹ́ràn láti bà lé. Ẹ má fà á já lásán, yóò tún hù. Ẹ gé ẹ̀ka náà nísàlẹ̀ ibi tó ti wọlé.

Bí igi yín kò bá tíì pé ọdún mẹ́wàá, ẹ ní sùúrù fún un. Láàárín ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí ogún ni ó ń so dé ojú àmì.

Ìbéèrè: Mo gbin ogójì ọmọ obì tútù, mẹ́fà péré ló hù, lẹ́yìn oṣù mẹ́rin. Kí ni mi ò ṣe dáadáa? *(Láti Ìwó)*

Ìdáhùn: Tútù tí wọ́n tutù jù ló fà á. Obì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú èso jáde ṣì ń sùn, yóò sì máa hù ní ẹyọ ẹyọ fún oṣù púpọ̀. Obì tí a ti tọ́jú sínú agbọ̀n pẹ̀lú ewé fún oṣù mélòó kan máa ń hù lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì ń tètè hù. Ṣùgbọ́n títọ́jú kì í ṣe gbígbẹ o. Irúgbìn obì kò dà bí àgbàdo. Bí ó bá gbẹ, ó ti kú nìyẹn, kò sí omi tó lè jí i.

Ẹ yan ọmọ obì tó tóbi, tó wúwo, tí kò ní ihò kòkòrò kankan, kí ó sì ti orí igi tó ń so dáadáa wá. Ẹ tọ́jú rẹ̀. Nígbà tí ẹ bá fẹ́ gbìn ín, ẹ rẹ ẹ́ sómi mọ́jú. Ẹ ṣe àpótí igi, ẹ da yanrìn odò tàbí ìgbẹ́ pákó sí i, ẹ tẹ́ obì sí i, ẹ fi nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà márùn-ún bò ó. Ẹ fi imọ̀ ọ̀pẹ ṣe àtíbàbà lé e. Kí yanrìn náà máa lọ́rinrin, kí omi má dúró nínú rẹ̀, nítorí omi tó dúró ni yóò mú awẹ́ jẹrà láti inú. Bí ó bá ti yọ ewé méjì, ẹ gbé e sínú ọ̀rá tó kún fún iyẹ̀pẹ̀ orí ilẹ̀, láìgé awẹ́ ìdí rẹ̀ kúrò. Àwọn kan máa ń gé e nítorí wọ́n rò pé ó ti jẹrà, bẹ́ẹ̀ oúnjẹ ọmọ igi ni wọ́n gé dànù.

Ní oṣù karùn-ún tàbí ìkẹfà, tí òjò bá ti fẹsẹ̀ múlẹ̀, ẹ gbé e lọ sóko. Ihò tó jìn tó sẹ̀ǹtímítà márùndínláàádọ́ta ló yẹ, kí mítà mẹ́fà wà láàárín igi kan sí èkejì, ìyẹn nǹkan bí igi 277 lórí hẹ́kítà kan. Bí ilẹ̀ bá lọ́ràá, ẹ jẹ́ kó tó mítà méje àbọ̀. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà ni ibòji tó dára jù fún ọdún méjì sí mẹ́ta àkọ́kọ́, ó sì ń mówó wọlé bí ẹ ti ń dúró. Ẹ gbìn ín ṣáájú obì, kó ti ní òjìji kí ọmọ igi tó dé.

Ìbéèrè: Ṣé orógbó àti obì ẹdun náà wà nínú ìdílé obì? *(Láti Ilé-Ifẹ̀)*

Ìdáhùn: Obì ẹdun wà níbẹ̀, Cola millenii ni. Orógbó kò sí níbẹ̀ rárá. Garcinia kola ni, ẹbí Clusiaceae ló sì wà. Ẹ là á, ẹ kò ní rí awẹ́ tó ń ya sọ́tọ̀ bí ti obì.

Ìbéèrè: Kòkòrò ń ba obì mi jẹ́ nínú agbọ̀n kó tó pé oṣù méjì. Ẹnìkan ní kí n da oògùn apakòkòrò sí i. Ṣé ó dára? *(Oníṣòwò obì, Ṣágámù)*

Ìdáhùn: Rárá o. Ènìyàn ń fi ẹnu jẹ obì ní tútù, láìsè é, láìfọ̀ ọ́ lọ́pọ̀ ìgbà. Oògùn tí ẹ bá da sí i, ẹnu ẹni tó bá rà á ló ń lọ. Ẹ má ṣe é, kí ẹ má sì ra obì tó bá ń rùn oògùn.

Kòkòrò tó ń jẹ obì, inú obì ló ń gbé, kì í ṣe inú agbọ̀n yín ló ti wá. Oko ló ti wọlé. Kòkòrò kékeré onímú gígùn, Balanogastris kolae, àti àwọn ìbátan rẹ̀ ló ń yín ẹyin síbi tí ara èso tàbí ti obì bá ti dá ọgbẹ́. Eṣinṣin kan wà pẹ̀lú, Ceratitis colae, tó ń ṣe èso léṣe tó sì ń lànà fún wọn. Nígbà tí ẹ bá di obì sínú agbọ̀n, ẹyin ti wà nínú rẹ̀, ẹ ò kàn tíì rí i ni. Nítorí náà, ẹ bá ẹni tó ń ká obì fún yín sọ̀rọ̀ kó máa ká a ní kété tó bá ti gbó, kó tó là lórí igi. Kó ṣa gbogbo èso tó já bọ́ sílẹ̀ kúrò lóko, kó sin wọ́n jìn tàbí kó sun wọ́n, torí ibẹ̀ ni kòkòrò ti ń pọ̀ sí i de ọdún tó ń bọ̀. Tó bá ń fi àdá la èso, kó ṣọ́ra kí ojú àdá má kan ọmọ inú rẹ̀. Ojú ọgbẹ́ kékeré yẹn ni ẹnu ọ̀nà.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti bó o, tí ẹ rẹ ẹ́ sómi kí awọ funfun ara rẹ̀ lè rọ̀, tí ẹ fọ̀ ọ́ mọ́, ẹ ṣà á ní ẹyọ ẹyọ. Èyí tó bá ní ihò, tàbí àmì dúdú tó rọ̀ bí ẹ bá fi èékánná tẹ̀ ẹ́, kò gbọdọ̀ bá àwọn yòókù wọ agbọ̀n. Ẹ jẹ́ kí èyí tó dára làágùn nínú apẹ̀rẹ̀ tí a fi ewé bò fún ọjọ́ mélòó kan, kí ẹ máa nu omi ara rẹ̀. Bí ẹ bá dì í pẹ̀lú omi lára, èbu yóò mú un. Bí ẹ bá sì fi sílẹ̀ láìbò, yóò gbẹ, yóò hunjọ, owó rẹ̀ yóò sì já wálẹ̀. Ewé ìran tútù tàbí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni kí ẹ fi tẹ́ agbọ̀n nínú, kí ẹ sì fi bo orí rẹ̀. Ẹ máa tú u wò lọ́sẹ̀ méjì méjì ní oṣù méjì àkọ́kọ́, nítorí àkókò yẹn ni ẹyin tó ti oko wá ń di kòkòrò tó ń jáde. Ẹ yọ èyí tó bá ti lù, ẹ pààrọ̀ ewé tó ti gbẹ. Tó bá kọjá ìgbà yẹn tí kò sí ihò tuntun, ẹ lè máa tú u ní oṣù kọ̀ọ̀kan. Gbànja tí wọ́n bá tọ́jú báyìí máa ń pẹ́ fún oṣù púpọ̀. Àbàtà kì í fara dà á tó bẹ́ẹ̀, nítorí àlàfo àárín awẹ́ rẹ̀ pọ̀, omi ń sá sínú rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí àwọn méjèèjì jọ wà nínú agbọ̀n kan.